Dọ́là Orí Fóònù Kì í Bímọ

Nàìróbì, Kẹ́ńyà
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù àlékúmù. Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìdáwà láti ìgbà tí Màmá ti fi wá sílẹ̀. Ṣé ara le? Salimat àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ ti bọ́ ẹ̀rọ tí dókítà fi sí yín létí, pé ẹ ní ó ń dún ṣìì bí epo tó gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà sétí. Kì í ṣe pé lẹ́tà kíkọ sú mi o. Nínú gbogbo àwa olùkọ́ tó wà nílé ẹ̀kọ́ wa, èmi nìkan ni bàbá rẹ̀ ń tẹ lẹ́tà gígùn ránṣẹ́ sí lórí fóònù, ó sì máa ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń wù mí kí n gbọ́ ohùn yín láìpariwo tí gbogbo àdúgbò á fi mọ ohun tí mò ń bá yín sọ.

Abdulhafeez ọkọ mi ní kí n kí yín. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Owó oògùn yín tí mo fi ránṣẹ́ ṣáájú Kérésì ló mú kí n kọ ìwé yìí. Ẹ mọ̀ pé ṣílè ni wọ́n fi ń sanwó fún mi níbí. Kí ṣílè tó di náírà, ó ní láti kọ́kọ́ di dọ́là. Báǹkì tibí á gé tirẹ̀, báǹkì àárín tí n kò mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ á gé tirẹ̀, tiyín náà á tún bù ú jẹ. Áfíríkà kan náà ni Kẹ́ńyà àti Nàìjíríà, síbẹ̀ owó wa ní láti lọ gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà kó tó lè dé Ìsọlọ̀. Nígbà tí owó náà máa fi dé, Salimat ti lọ yá owó oògùn.

Àwọn ará ilé wa tí a jọ ń kírun níbí ti fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Dọ́là orí fóònù ni. Ọ̀kan ni nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní kírípítò, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń fò sókè lónìí tó ń já bọ́ lọ́la; dọ́là kan ni ẹyọ kan rẹ̀. Màá fi ṣílè rà á níbí, màá fi í sínú àpò orí fóònù yín, ẹ ó tà á lórí fóònù náà fún ẹni tó bá fẹ́ dọ́là, onítọ̀hún á sì san náírà sínú àkáǹtì yín. Ẹ lè má tíì ṣe àlùwàlá tán tí yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ kí Salimat bá yín ṣí i, Bàbá. Mò ń retí èsì yín.

Ọmọ yín,
Nimotallahi

*

Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025

Nimotallahi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Wà àlékúmù sàláámù. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí nígbà àkọ́kọ́, inú bí mi débi pé n kò dé ìparí rẹ̀. Ara le. Ẹ̀rọ ti padà sétí, kí Salimat lè wá nǹkan mìíràn sọ.

Ṣé o rántí iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì? Ẹ̀yìn káńtà báǹkì ni mo wà títí irun mi fi funfun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ilé owó ìyanu gba Èkó kan, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá kó owó wá, ìlọ́po rẹ̀ ni yóò gbé lọ. Obìnrin kan tó ń ta ìkòkò ní Òṣòdì wá gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó rò ó wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní olówó oṣù kò lè mọ bí owó ṣe ń rìn. Nígbà tí ilé owó náà ti ìlẹ̀kùn pa, ó padà wá sí báǹkì wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí a fi ṣíwọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Títí dòní n kò mọ ohun tó jókòó dè.

Ìwọ tí mo rán lọ sí yunifásítì ló wá ń sọ fún mi pé owó kan wà tí kò ní káńtà, tí kò sì ní ẹni tí a lè lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ta ló ń tọ́jú dọ́là tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí fóònù bá já sí gọ́tà, ṣé owó ti bá gọ́tà lọ nìyẹn? Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá san owó olè sínú àkáǹtì mi, ta ni ọlọ́pàá yóò wá mú? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò ọlọ́pàá gbé mi kọjá níwájú mọ́sáláṣí ni?

Fi owó ránṣẹ́ bí o ti ń ṣe é. Bó pẹ́, kó pẹ́. Bí ìyẹn bá sì ni ọ́ lára, má wulẹ̀ fi ránṣẹ́ mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi á tó mu gààrí.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Bàbá rẹ,
Mùktárù

*

Nàìróbì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ gààrí yẹn dùn mí, ẹ sì mọ̀ pé yóò dùn mí kí ẹ tó kọ ọ́.

N kò ní parọ́ fún yín lórí àwọn ìbéèrè yín. Ilé iṣẹ́ kan ló ń tọ́jú dọ́là náà, èèyàn sì ni wọ́n. Wọ́n lè ṣubú bí báǹkì ṣe lè ṣubú. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí a ń kó gbogbo ohun ìní ẹni sí. Bí fóònù bá já sí gọ́tà, owó ò bá a lọ, bí ẹ bá ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fún yín sí ibi tó dájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà fún èèyàn, owó ti lọ, kò sì sí ẹni tí ẹ lè lọ bá. Ti owó olè, òótọ́ ni ẹ sọ. Wọ́n ti dí àkáǹtì àwọn kan pa nítorí rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń tà á lórí fóònù bá orúkọ àkáǹtì rẹ̀ mu ni kí ẹ tà á fún, ẹ má gba owó lọ́wọ́ aṣojú ẹnikẹ́ni.

Mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Salimat kí ó fi dán an wò lójú yín. Bó bá sọnù, ẹ máa wí pé ẹ ti sọ.

Nimotallahi

*

Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á ní ìbáàdà. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, nítorí ìwé ni mò ń kà. Ìdáhùn rẹ ló mú ọkàn mi rọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbá èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù ọjà rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo gbé àga sí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù wa níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, Salimat dúró tì mí, ó ń fi ìka nu gíláàsì fóònù. Mo tẹ ibi tó ní kí n tẹ̀. Kánò ni ẹni tó rà á wà. Orúkọ méjèèjì bára mu. Bí mo ti ń bi Salimat pé ìgbà wo ni ká máa retí rẹ̀, fóònù mi dún, owó ti wọlé. Mo wo fóònù, mo wo Salimat. Mo rántí bí a ṣe máa ń di ìwé ìfowóránṣẹ́ sínú àpò láti ẹ̀ka wa lọ sí olú ilé iṣẹ́, tí a ó máa retí èsì títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó fẹ́ fi owó rà. Àwa wọ̀nyí ló sì máa ń fọ́nnu pé kò sí báǹkì tó yá tó wa. Ó yà mí lẹ́nu, ọmọ mi. N kò lè tijú kí n má sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń la ojú mi sílẹ̀. Mo lọ tún aago ṣe ní Òṣòdì lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọkùnrin kan pàdé tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní dọ́là orí fóònù lòun fi ń sanwó fún àwọn ará Ṣáínà tó ń kó ọjà fún òun. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Báǹkì tó ní òun ò ní dọ́là ló kọ́ mi, Alhaji."

Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn nínú ìwé ìròyìn bóyá irú owó yìí lè fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ohun tí èmi rí ni pé ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ ló ti máa ń wá bàtà mìíràn. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, oníṣòwò tí kò rí dọ́là rà, àwọn wọ̀nyí kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Mo ṣì ní ẹ̀rù tèmi. Àmọ́ mo ti kúrò nínú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ará búlọ́ọ̀kù ti gbọ́. Bàbá Kírípítò ni wọ́n ń pè mí báyìí. Ìyá Táíyé tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, tí Táíyé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, ti ní kí n kọ́ òun, àwọn mìíràn sì ti dara pọ̀. Ní ọ̀sán Sátidé la máa ń jókòó.

Gba ibẹ̀ fi owó oògùn ránṣẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Bí o bá sì rí tíì Kẹ́ńyà gidi fi rán ẹni tó ń bọ̀, n kò ní kọ̀ ọ́.

Bàbá rẹ

*

Nàìróbì
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Bàbá,

Mo kí yín. N kò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Morọ́lá ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn pè mí lánàá. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sànmọ́rì ti kó owó àwọn ará ẹ́sítéètì lọ, pé kírípítò ni wọ́n fi gbà á, pé owó tí gbogbo yín ń dá jọ láti fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ti wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Ó ní gbogbo èèyàn ń sọ pé Bàbá Kírípítò ló kọ́ wọn.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ sọ ìtàn obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí ní gbogbo ìbéèrè yẹn kí ẹ tó gba owó oògùn. Báwo lẹ ṣe wá mú owó ìlú lọ síbẹ̀? Ọ̀nà tí a ń gbà fi owó ránṣẹ́ ni mo fi hàn yín, n kò ní kí ẹ fi ṣe tẹ́tẹ́. Ojú wo lẹ fẹ́ kí n fi wo àwọn ará àdúgbò bí mo bá wálé? Abdulhafeez ní kí n fara balẹ̀ kí n tó kọ̀wé, àmọ́ n kò lè fara balẹ̀.

Ẹ fèsì kíákíá. Ẹ sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ọ̀kankan pa mọ́ fún mi.

Nimotallahi

*

Nàìróbì
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé, ẹ kò fèsì. Owó oògùn tí mo fi ránṣẹ́ ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, ẹ kò tà á. Mo pe fóònù yín, ẹ kò gbé e. Mo pe Salimat, ó ní ẹ wà láàyè, ara yín sì le, pé kí n má bi òun ní nǹkan mìíràn.

Bí ẹ bá jẹ gbèsè, ẹ sọ fún mi. Bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹ sọ fún mi. Ohun tí mo kọ nígbà yẹn, inú fùfù ni mo fi kọ ọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ. Mo ti lóyún, Bàbá. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí a ti ń retí, dókítà ní ó ti dúró dáadáa. Màmá ni ǹ bá kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ̀yin ló kù.

Ẹ dákun, ẹ kọ nǹkan kan sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Nimotallahi yín

*

Òkè-Afá, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Àǹtí mi,

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ kú oyún, ẹ ó sọ ọ́ láyọ̀. Bàbá ló fi lẹ́tà yín hàn mí. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun fún yín, pé ọmọ tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ á béèrè. Mo ti pa á mọ́ra títí, àmọ́ nígbà tí mo ka ti oyún, mo rí i pé mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Kì í ṣe Bàbá ló mú owó lọ sí Sànmọ́rì. Alàgbà Babáwálé ni, alága ẹgbẹ́ àwọn ará ẹ́sítéètì, ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìn tì yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń rí i lójú fóònù pé ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Sànmọ́rì ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan ló ń bá àwọn ta kírípítò, pé bó bá di oṣù kan, owó á di ìlọ́po méjì. Alàgbà ní kí wọ́n kó owó kànga síbẹ̀, kí omi lè yá. N kò rò pé ó ní èrò burúkú.

Ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ọdún ìtúnnu ààwẹ̀, ó sì ní kí Bàbá dìde sọ̀rọ̀, torí Bàbá ló mọ kírípítò, àwọn èèyàn á gbà bó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Mo wà níbẹ̀. Bàbá dìde, ó ní rárá. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí òun ń kọ́ wọn ní Sátidé, ọ̀nà ni, owó ń gbà á kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíì. Ó bi Alàgbà pé níbo ni èrè náà ti ń wá. Alàgbà ní ẹ̀rọ ni. Bàbá wá sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹ́sítéètì ṣì ń sọ títí dòní. Ó ní:

"Dọ́là orí fóònù kì í bímọ, Alàgbà. Bí ẹ bá rí i tó bímọ, ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ. Owó ẹni tó dé lẹ́yìn yín ni wọ́n ń gbé fún yín."

Alàgbà bínú. Ó ní, "Alhaji, etí yín ló dí, ẹ má jẹ́ kó ran ojú." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi, wọ́n fi bàbá wa rẹ́rìn-ín lójú mi. Bàbá kàn ní kí wọ́n dá owó tòun padà fún òun nínú owó kànga, pé ẹni tó bá gbọ́ òun kó béèrè tirẹ̀ náà. Ìyá Táíyé ló kọ́kọ́ nawọ́. Àwọn tó ń wá sí kíláàsì Sátidé nawọ́ tẹ̀lé e, gbogbo wọn pátá. Àwọn nìkan ni owó wọn kò bá a lọ.

Kò pẹ́ tí Sànmọ́rì fi ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ san òmíràn. Nígbà tó yá, fóònù wọn kò lọ mọ́. Ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò wá sípàdé bá kó ara wọn wá sí ilé Bàbá, wọ́n ní òun ni Bàbá Kírípítò, kó jáde wá. Mo fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Bàbá ní kí n ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ó ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, kí n fún wọn lómi. Ó ní, "Ẹni tó gbé mọ́tò yín sá lọ ni kí ẹ wá. Ẹ má lu ẹni tó kọ́ yín ní mọ́tò wíwà." Ó mú wọn lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì bá wọn kọ gbogbo ohun tí wọ́n lè fi tọpasẹ̀ owó náà. Wọ́n ti ń ṣe ìwádìí. Bóyá nǹkan á ti ibẹ̀ jáde, Ọlọ́run ló mọ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù nìyí. Ìtìjú mú Alàgbà Babáwálé, ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá bá Bàbá, ẹ̀rù ń bà á kí ọkọ rẹ̀ má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bàbá gbé páálí dráfù, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní òun kò wá bá a sọ̀rọ̀ owó, ayò lòun wá ta. Alàgbà kọjú sí ògiri. Bàbá to ọmọ ayò, ó sì ń ta ti ọwọ́ méjèèjì fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ lójoojúmọ́ títí Alàgbà fi yíjú padà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó ní, "Alhaji, ibi tí ẹ gbé e sí yẹn kò dára." Ó sì nawọ́ ta tirẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ni lẹ́tà yín dé. Bàbá kà á tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, kò jẹun. Ó ní, "Àjèjì wá bi mí léèrè. Ọmọ mi kò bi mí, ó ti dájọ́."

Àbúrò yín,
Salimat

*

Nàìróbì
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Salimat ti sọ fún mi. Ẹ má bá a wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Mo ti gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì gbọ́ lórí bàbá tó bí mi. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ kọ̀wé, màá dúró.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípàdé fún àwọn ará ilé wa ní mọ́sáláṣí. Gbogbo wọn ní kí n kí yín.

Nimotallahi

*

Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹni tó wà nínú rẹ. Mo ti gba tíì. Ó le dáadáa, bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dùn mí, nítorí bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni mò ń pa fún ọ, ìwọ tí o kò pa irọ́ fún mi nígbà tí mo bi ọ́ léèrè. N kò bínú mọ́. Àgbàlagbà ni mí, ìbínú mi kì í yára tán, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mo ti ta èyí tí o fi ránṣẹ́, mo sì ti ra oògùn. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ bi mí.

Alàgbà Babáwálé ti ń jáde. Òun pẹ̀lú mi la jọ ń ṣe kíláàsì Sátidé báyìí. Kí n tó fi ohunkóhun han àwọn tuntun, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde. Á sọ ohun tó ṣe òun àti bí owó ṣe ń pọ̀ sí i lójú fóònù òun. Kì í fi ọ̀kankan pa mọ́. Àbẹ̀kẹ́, ó gba ọkàn. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ńláńlá ṣiṣẹ́ ní báǹkì, n kò rí ọ̀kan tó tó bẹ́ẹ̀. Ojú kì í tì í mọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ni omijé máa ń bọ́ lójú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn mi náà ń wá.

Mo sọ fún ọ nígbà kan pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá owó yìí máa dúró ní ilẹ̀ wa. Òfin tuntun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún yìí ti gbà pé ó wà, wọ́n ní àwọn á máa mójú tó o. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló mú un wọlé, òfin nìkan kọ́ ló sì máa gbé e ró. Ọjọ́ tí Ìyá Táíyé kọ́kọ́ gba owó láti Gánà, ó ní kí n tún iye rẹ̀ kà fún òun. Mo kà á. Ó ní, "Ṣé Táíyé fúnra rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá?" Mo ní kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó lọ ra gílóòbù iná tuntun dípò èyí tó ti kú láti ọdún tó kọjá, ó sì padà wá kọ́ bí a ṣe ń dá orúkọ mọ̀ kí wọ́n má bàa gbá a. Irú wọn ló máa gbé e ró. Bí àwọn bá kọ́ ọ yékéyéké, yóò dúró. Bí wọn kò bá kọ́ ọ, àwọn bíi Sànmọ́rì á máa fi orúkọ rẹ̀ jalè, títí tí kò fi ní sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Jẹun dáadáa. Má máa dúró pẹ́ ní kíláàsì. Jẹ́ kí Abdulhafeez máa gbé omi.

Bàbá rẹ,
Mùktárù

*

Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Àbẹ̀kẹ́, ìyá ọmọ,

Àlùhámúdù lílàhì. Salimat sáré láti Òkè-Afá wá sọ fún mi, kò wọ bàtà méjì tó bára mu. Mo ti kí Ọlọ́run, mo tún kí i. Ẹ kú ewu. Alàgbà Babáwálé ti gbàdúrà lọ́nà tirẹ̀, Ìyá Táíyé ti jó yí búlọ́ọ̀kù po.

Abdulhameed ni kí ẹ sọ ọmọ náà, orúkọ bàbá mi. Àkànbí ni oríkì rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Láti ìgbà tí o ti lọ, ìwọ lò ń ràn wá. Ìgbà tí o ṣègbéyàwó níbẹ̀, mo fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyàwó. Mo lọ sí báǹkì. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní náírà mi kò lè lọ sí Kẹ́ńyà lásìkò yìí. Mo padà sílé. N kò sọ fún ọ. Mo ní kí Màmá rẹ náà má sọ.

Láti oṣù keje ni mo ti ń yọ díẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, tí mò ń fi ra dọ́là orí fóònù kó má bàa yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. N kò sọ ohun tó wà fún fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ yìí, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Kì í ṣe Salimat ló tẹ̀ ẹ́. Èmi ni. Mo tún àdírẹ́sì àpò orí fóònù rẹ yẹ̀ wò títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Fi ra àgbò ìsọmọlórúkọ. Má fi san nǹkan mìíràn, bó ti wù kó pọn dandan tó.

Bàbá rẹ,
Mùktárù

*

Nàìróbì
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Bàbá mi, bàbá Àbẹ̀kẹ́, bàbá àgbà Abdulhameed,

Owó yín dé. Ọmọ wà lọ́yàn mi nígbà tí fóònù dún. Mo rò pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ mi ni. Nígbà tí mo rí ibi tó ti wá, mo pe Abdulhafeez, mo na fóònù sí i. Ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gbogbo wa níbí, a máa ń sọ ohun tí a fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn kan ń fi yangàn, àwọn mìíràn ń fi ráhùn. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ilé fi ránṣẹ́ sí òun.

Abdulhafeez lọ sọ́jà ẹran fúnra rẹ̀. Àgbò náà ga, ìwo rẹ̀ lọ́ bí okùn. Òní la sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí àlùfáà fẹ́ ṣàdúrà, ó béèrè pé ta ló ni àgbò, kí òun lè dárúkọ rẹ̀. Kí n tó lanu láti inú yàrá, Abdulhafeez ti dáhùn. Ó ní, "Alhaji Mùktárù ni, bàbá ìyàwó mi."

Àlùfáà wò yíká. Ó ní ṣé bàbá náà wà láàárín wa ni, kó dìde kí àwọn kí i.

Abdulhafeez ní, "Rárá, Ìsọlọ̀ ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dé."